Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kó Ẹbí Yín Lọ sí Òkè Yìnyín Uludağ

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní kí n mú ìyá wa wá bá òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ní ilẹ̀ Túrkì nígbà ìsinmi oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìyá tí orúnkún ń dùn, tí ọyẹ́ Ìlọrin ń mú gbọ̀n, ni a fẹ́ mú lọ sórí òkè tí yìnyín bò! Ṣùgbọ́n a lọ, a sì bọ̀, al-hamdu lillāhi. Bí ẹ̀yin náà bá ń gbèrò irú rẹ̀, ẹni tí kò lè yára nínú ẹbí yín ni kí ẹ fi wọn ìrìn-àjò náà.

Uludağ ga tó mítà 2,543. Ó wà lẹ́yìn ìlú Bursa, tí àwọn Ottoman gbà ní ọdún 1326 tí wọ́n sì fi ṣe olú-ìlú wọn. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni àwọn ènìyàn máa ń wá ṣe eré síkí níbẹ̀: wọn a so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ bàtà, wọn a sì máa yọ̀ wálẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe le tó. Búlúù rọrùn, pupa le díẹ̀, dúdú wà fún àwọn ọ̀jáfáfá.

Ọkọ àbúrò mi, tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí, ní òun kò nílò olùkọ́. Ọ̀nà pupa ló gbà. Apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn ló fi bá wa jẹun alẹ́. Ẹ sanwó olùkọ́ fún bàbá pẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sí kíláàsì kan náà kí wọ́n lè jọ wà. Yóò sú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò sì máa sunkún.

Ní ti Ìyá, ọkọ̀ tí okùn irin ń fà lójú òfurufú ló gbé wọn láti Bursa gòkè, ìrìn tó súnmọ́ kìlómítà mẹ́sàn-án. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n máa ń dá a dúró, nítorí náà ẹ fi owó takisí pamọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá ní àwọn ti rí yìnyín tó. Mo bá wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ulu Cami, mọ́sálásí ńlá olórùlé rìbìtì 20, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 1399, tí orísun omi àlùwàlá wà láàrin rẹ̀ gan-an. Wọ́n kírun níbẹ̀, wọ́n jókòó pẹ́, wọn kò sì fẹ́ kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ìrìn-àjò náà, ọjọ́ yẹn ni ti Ìyá.

Àlùwàlá nínú òtútù kò rọrùn. Ẹ rántí pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, yọ̀ǹda fún onírìn-àjò láti fi ọwọ́ tútù pa orí ìbọ̀sẹ̀ awọ fún ọjọ́ mẹ́ta tọ̀sán-tòru, bí ó bá jẹ́ pé orí àlùwàlá ló ti wọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ní oṣù tó ṣáájú ìrìn-àjò wa, iná jó òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kartalkaya, òkè síkí mìíràn ní Túrkì. Ènìyàn 78 ló kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọ̀nà àsálà àti agogo iná. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ fún arúgbó. Kí a tó tú ẹrù wa rárá, àwọn ọmọ rin ọ̀nà àsálà náà lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá sì rìn ín lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wa máa ń pàdé nídìí tíì, ẹni tó yọ̀ àti ẹni tí kò yọ̀. Ìbọ̀wọ́ Ìyá ṣì wà nínú àpótí wọn ní Ìlọrin. Wọ́n ní kí n má fi tọrẹ.