Èlé Owó Dé Ọjà Ẹja Baga Road

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kan ṣe le sí, àwọn onímọ̀ a ní kó wo èlé orí owó tí wọ́n ń yá fún ìgbà díẹ̀: owó tí báńkì ń yá báńkì mọ́jú, àti èyí tí ìjọba ń yá fún ọjọ́ 91 tàbí 364 nípasẹ̀ Treasury Bills. Mo gba òṣùwọ̀n yìí gbọ́. Síbẹ̀, mo fẹ́ ká gbé e dé Baga Road ní Maiduguri, níbi tí páálí ẹja gbígbẹ láti Adágún Chad ti ń wọkọ̀ lọ sí ìhà gúúsù, ká wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀, MPR, sókè láti 11.5%. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ti di 27.5%. Ẹni tí kò tilẹ̀ dé Nàìjíríà rí, tó bá ka iye méjèèjì yìí, á mọ̀ pé ara ń ni ìlú: náírà ti já wálẹ̀, oúnjẹ ti wọ́n gógó, CBN sì fẹ́ kí owó tó wà níta dín kù. Òótọ́ ni àmì náà sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó máa ń tan èèyàn jẹ nígbà mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, CBN pàṣẹ pé kí aládàáni àti ilé-iṣẹ́ abẹ́lé tí kì í ṣe báńkì má ra OMO, ìyẹn ìwé owó tí CBN fúnra rẹ̀ ń tà, mọ́. Owó tí kò ríbi gbà ya lu Treasury Bills, èlé rẹ̀ sì já wálẹ̀ débi pé nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, ti ọlọ́jọ́ 91 kò tó 1% rárá. Ọ̀wọ́ngógó ọjà ti kọjá 14% lásìkò kan náà. Àlejò tó bá wo èlé yẹn á rò pé ara tu tajá tẹran, bẹ́ẹ̀ ọdún kòrónà ni. Àṣẹ ló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ká wá dé Baga Road wàyí. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Maiduguri jẹ́ Mùsùlùmí tí wọn kì í fẹ́ gba èlé, tí wọn kì í sì í fẹ́ san án. Èlé kò tìtorí ìyẹn pòórá níbi tí wọ́n bá ti ń tajà láwìn. Inú iye ọjà ló ń gbé. Bí Jaiz Bank, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012, ṣe ń ṣe é ní gbangba nìyẹn: báńkì á ra ọjà, á fi èrè lé e, oníbàárà á wá máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, ti mọ ìṣirò yìí tipẹ́. Aṣọ àwìn wọn máa ń wọ́n ju aṣọ owó ọwọ́ lọ, torí ọjọ́ tí wọ́n máa fi dúró lówó lórí. Ìyàtọ̀ láàrin iye méjèèjì, àti iye ọjọ́ tí olówò fi sílẹ̀ fún sísan, ni mo kà sí èlé ìgbà díẹ̀ ti Baga Road.

Kí ló wá ń gbé èlé yìí sókè? Ní oṣù Kejì ọdún 2012, àwọn agbébọn kọlu ọjà ẹja Baga ní Maiduguri. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Boko Haram gba ìlú Baga fúnra rẹ̀, tó wà nítòsí adágún, wọ́n pa èèyàn nípakúpa. Láwọn àkókò kan, àwọn ológun dá òwò ẹja adágún náà dúró, nítorí pé àwọn apániláyà ń rówó nínú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 yẹn kan náà, CBN gé MPR kù láti 13% sí 11% kí owó lè rọrùn láti yá. Ta ni yóò yá ẹni tí ọjà rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà?

Àjọ tó ń ka iye nǹkan fún ìjọba, NBS, ń béèrè iye ọjà káàkiri ìpínlẹ̀ lóṣooṣù. Ì bá dára kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un fún àwọn olówò ẹja Baga Road: ọjọ́ mélòó lẹ ń fún oníbàárà kó tó sanwó? Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá di ọ̀sẹ̀ kan, ìbẹ̀rù ti padà sójú ọ̀nà nìyẹn, kí ìgbìmọ̀ CBN tó ń pinnu MPR tó jókòó ní Àbújá.