Láti Snellville dé Oko Àjàrà

Ní Sátidé kan, a kó àwọn ọmọ sí mọ́tò, a gba ọ̀nà 124 láti Snellville dé oko àjàrà Château Élan ní Braselton. A tún kọjá sí Dahlonega, àgbègbè tí àwọn èèyàn rọ́ lọ wa góòlù ní 1829. Oko àjàrà ló pọ̀ níbẹ̀ báyìí. Àwọn àgbà tọ́ wáìnì wò, ẹni tó wa mọ́tò kò fẹnu kàn án, àwọn ọmọ mu mínírà. Ni àbúrò bá bi wá pé, "Mọ́mì, èso wo ni wọ́n fi ń ṣe ẹmu?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ká wa lára: wọn ò rí akọpẹ rí. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ, igbà àti akèrègbè la sọ délé. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.