Lẹ́tà Tí Ó Wà Lára Ṣíbí Fàdákà

Bí ẹ bá bá mi dé ọjà Portobello ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìn ṣíbí ni ẹ ó rí i pé mo kọ́kọ́ ń wò. Ohun èlò ìjẹun onífàdákà ti ayé Ọbabìnrin Victoria (1837 sí 1901) ni mo ń kó jọ, ẹ̀yìn wọn ni òǹtẹ̀ sì sábà máa ń wà. Kìnnìún tí ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè ń jẹ́rìí pé 925 nínú ìdá 1,000 jẹ́ ògidì fàdákà. Orí ẹkùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró ni ti Birmingham. Adé ni Sheffield ń lò nígbà náà. Títí di 1890, orí ọbabìnrin fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, láti fi hàn pé ìjọba ti gba owó òde. EPNS ńkọ́? Fàdákà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo irin mìíràn (ó sì lè máa dán ju ògidì lọ!).

Lẹ́tà orúkọ tí àwọn onílé fín sára wọn ni mo fẹ́ràn jù. Òǹtajà kan ní kí n jẹ́ kí òun fá ti orí ṣíbí ọbẹ̀ ńlá kan, E àti M, kúrò. N kò gbà. Fífá a ń sọ fàdákà di fẹ́lẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ní 1980 tí owó fàdákà gbówó lórí gan-an, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ́ nínú iná. Kí ni ó wá kù tí a ó tún máa parẹ́?

Ṣíbí náà ni mo fi ń bu ẹ̀gúsí fún àlejò. Bí a bá ti jẹun tán, kíá ni mo ń fọ̀ ọ́, nítorí iyọ̀ a máa jẹ fàdákà.