Inú Ológìnní Àgbà

Àdùnní, ológìnní mi, ti pé ọmọ ọdún 14, inú rẹ̀ kò sì gba oúnjẹ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà ẹranko bi mí ni pé: ṣé ó ń bì ni, àbí oúnjẹ kàn ń padà jáde? Èyí tó ń bì, ikùn rẹ̀ a máa fún pọ̀ léraléra kí nǹkan tó jáde. Oúnjẹ tó kàn ń padà kò tíì dé àpòlúkù rárá. (Àpọ̀jẹ ti màlúù àti ewúrẹ́ yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí kì í ṣe àìsàn.) Ti Àdùnní, èébì ni, àìlèyàgbẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Ológìnní kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Bí kíndìnrín bá sì ti ń darúgbó, omi a máa tán lára, ìgbẹ́ a sì le. Nítorí náà ni mo ṣe ń po omi mọ́ oúnjẹ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. "Ẹ fún un ní wàrà," ni aládùúgbò mi ń wí. Mo kọ̀. Ọ̀pọ̀ ológìnní tó ti dàgbà ni wàrà ń fún ní ìgbẹ́ gbuuru. Ẹja inú ọbẹ̀ pàápàá di èèwọ̀ fún un, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni kí ó kọ oúnjẹ. Àìjẹun ọjọ́ mélòó kan tó láti mú ẹ̀dọ̀ ológìnní ṣàìsàn, pàápàá èyí tó sanra. Kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Abọ́ rẹ̀ àti iyanrìn tó ń yàgbẹ́ sí ni mo ń yẹ̀ wò láràárọ̀. Lónìí, ó lá abọ́ náà mọ́ féfé.