Òwú Pupa

Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kan owó náà rárá. Ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń tu irun àgbọ̀n, ló fi gbé náírà márùn-ún mi síwájú iná tọ́ọ̀ṣì. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ọwọ́ ti bà á jẹ́."

Láti Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọkùnrin náà ti ń ra owó àtijọ́, títí mo fi délé, ọ̀rọ̀ yẹn ń hó nínú mi bí ìkòkò ẹ̀wà. Ọwọ́ ba owó jẹ́! Kí ni wọ́n wá ṣe owó fún?

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé ọ̀pọ̀ náírà àtijọ́ ni wọn kò kọ ọdún sí lára, pé orúkọ gómìnà báńkì àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i ni a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Clement Isong ló fọwọ́ sí àwọn àkọ́kọ́, nígbà tí náírà gbapò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1973. Adamu Ciroma ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Ola Vincent dé, láti 1977 títí di 1982. Vincent ló fọwọ́ sí tèmi, olójú Tafawa Balewa, èyí tó jáde ní 1979. Ọkùnrin náà ní ojú ìṣẹ́po kan péré ti tó láti já iye owó lulẹ̀, àti pé ẹni tó bá fọ owó àtijọ́ tàbí tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ti pa á. Èyí tó níye lórí jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí.

Ta wá ni kò ná owó rẹ̀ ní 1980? Olówó ni! Náírà tálákà ti kọjá lọ́wọ́ elépo, oníṣu àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ibí yìí ni mo fẹ́ parí àròkọ yìí sí, kí n fi bú àwọn olówó díẹ̀, ká jọ rẹ́rìn-ín. Àbàwọ́n tó wà ní igun owó náà ni kò jẹ́.

Àmì àtàǹpàkò ni, búlúù tó ti ń dúdú lọ. Ọkùnrin náà pè é ní ìdọ̀tí. Aró ni. Ìtòkú ni ìyá bàbá mi ti ń paṣọ láró, n kò sì rí èékánná rẹ̀ kó funfun rí. Òun náà ló ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀wé, nítorí náà òwú ló fi ń kọ orúkọ: obìnrin yìí funfun, tọ̀hún dúdú, ẹnì kan àwọ̀ ewé. Náírà márùn-ún méje la bá nínú agolo bisikíìtì rẹ̀ lẹ́yìn tó kú, òwú pupa ló dì wọ́n. Mo rọra fa ọ̀kan yọ láìtú u, òun ni mo gbé lọ sí Kútọ̀.

Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba Buhari, nígbà tó ń ṣe ológun, pa àwọ̀ owó dà, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n ní kí kálukú kó owó rẹ̀ wá sí báńkì. Ìyá mi bá ìyá àgbà kó tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ìyá àgbà yọ olówùú pupa sílẹ̀.

"Olówó rẹ̀ kò tíì dé."

"Ṣé inú rẹ̀ kò ní dùn bó bá bá tuntun, Ìyá?"

"Bó bá béèrè owó rẹ̀, tèmi ni kí n gbé fún un?"

Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀ nílé wa. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí di oṣù kejì 2023, nígbà tí èmi oníwèé ń tò níwájú báńkì kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí owó tuntun.

Síbẹ̀, ìṣirò ìyá àgbà kò tọ̀nà. Náírà ni náírà. Bó ṣe rí láyé owó ẹyọ náà nìyẹn: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ní ẹgbàá kan. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, okùn mẹ́ta gééré. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé owó ẹyọ wo.

Mo ń ro èyí lọ́wọ́ ni mo dìde jókòó lórí ibùsùn. Ọkùnrin Kútọ̀ yẹn ńkọ́? Náírà márùn-ún méjì kò jọra lójú tirẹ̀ náà! Ó ń wo nọ́ńbà, ó ń wo igun, ó ń wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Bó bá ní èyí lòun fẹ́, kò ní gba òmíràn. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé, òun àti ìyá àgbà nìkan ni kò gbà pé owó kan lè dípò èkejì. Ṣùgbọ́n irú owó tó jẹ́ ni ọkùnrin yẹn ń wò. Ẹni tó ni í ni ìyá àgbà ń wò, mo sì ti lo ogún ọdún ó lé láti máa fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkùnrin náà ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n tú òwú náà kóun lè rí mẹ́fà tó kù dáadáa. Mo ti ki ọ̀kan yẹn bọ àárín wọn padà.

Ẹ̀yin tí ìyá yín paṣọ láró ní Ìtòkú ṣáájú 1984, tó dá àjọ, tó sì jẹ́ pé òwú pupa ni wọ́n fi ń di tirẹ̀: náírà márùndínlógójì ni. Ẹ wá gbà á.