Ọjà, Ẹja, Ajá

Ọmọ ilé ìwé kékeré ni mí nígbà tí tíṣà wa sọ fún wa pé ewì tó bá gún régé, ìparí ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún bákan náà, bíi ti àwọn Òyìnbó. Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó, mo ronú títí, mo kọ tèmi, mo sì sáré gbé e délé.

Abẹ́ igi ìyeyè ni mo bá bàbá bàbá mi, wọ́n ń yan ẹran ọ̀yà. Èéfín ẹran, ẹmu àná tó ti kan nínú kèrègbè, ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n fi epo pa lára, àpò ọdẹ tí òógùn ti sọ di líle, gbogbo rẹ̀ ló para pọ̀ di òórùn Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ka ewì mi: mo lọ sọ́jà, mo ra ẹja, mo pàdé ajá.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ta ló sọ fún ọ pé bákan náà ni wọ́n dún? Ọjà wálẹ̀, ẹja dúró, ajá gòkè. Ohun tó dùn díẹ̀ níbẹ̀ ni pé ohùn ń gun àkàbà, ìwọ alára ò sì mọ̀ pé o ṣe é."

Bàbá kò mọ A, wọn kò mọ B. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sun ìjálá lọ́jọ́ ọdún Ògún, tí ajá ti kú, tí iṣu sísun, obì àti ẹmu ń lọ káàkiri, ẹnikẹ́ni kò bèèrè irú ewì tó jẹ́. Bí eléégún bá jáde, ẹ̀sà ni. Ti babaláwo ni ìyẹ̀rẹ̀. Onírárà ń ki ọba àti ọlọ́lá. Oríkì kan náà lè wà lẹ́nu gbogbo wọn, ohùn la fi ń mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Kò sì sí ẹni tó kàn ń sọ ohun tó bá ti wá sẹ́nu. Bí oníjàálá bá fi oríkì ẹfọ̀n ki erin, ọdẹ mìíràn á já lù ú, á ní irọ́ ló pa, tòun náà á sì fi ìjálá gbèjà ara rẹ̀. Ojú mi ló ṣe tí kèrègbè ẹmu fọ́ lórí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Nídìí àdìrò ni ìyá àgbà ti kọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹkún ìyàwó, bí wọ́n ṣe jọ ń bó ẹ̀gúsí. Bó bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìyá àgbà á fi ọmọrogùn kan ilẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ, pẹ̀lú osùn lẹ́sẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ó kúnlẹ̀, ó sun ún títí àwọn ọkùnrin fi ń nu ojú. N kò ní purọ́ fún yín: ẹkún gidi wà nínú ẹkún náà, nítorí òun kọ́ ló yan ọkọ ọ̀hún.

Lónìí, ìyàwó lè yan ẹni tó wù ú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n alága ìjókòó tí a sanwó fún ló ń bá a sọ tẹnu rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ akéwì wa sì ń wá ọ̀rọ̀ tó parí bákan náà kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lóru. Ẹ̀bi wọn nìkan kọ́. Àwa la ra ìwé fún wọn, tí a kò jókòó tì wọ́n nídìí àdìrò.

Ìwé lórí ewì tiwa náà kúkú wà. Láti 1966 ni onímọ̀ ewì Yorùbá, Adébóyè Babalọlá, ti ṣe tirẹ̀ lórí ìjálá. Ní 1984, onímọ̀ bíi tirẹ̀, Ọlátúndé Ọlátúnjí, ṣàlàyé bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń kojú ara wọn níparí ìlà, ohun tí Bàbá ti fi ọjà, ẹja àti ajá kọ́ mi nídìí ẹran ọ̀yà. Àmọ́ bébà kì í fọhùn.

Nítorí náà, ọmọ mi, kí o tó gbé ewì rẹ jáde, mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kà á sókè sí etí àgbà kan tí kò mọ̀wé. Bó bá ní kí o tún un kà, o ti kéwì nìyẹn.