Pákó Àtijọ́ Ni Ìwọ̀n Pákó Tuntun

Kò sí rélùwéè níbi tí wọ́n ti bí mi. Kò tilẹ̀ lè sí. Ọmọ Ayétòrò ni mí, ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Lọ́dọ̀ tiwa, pákó la fi ń ṣe títì, orí òpó igi nilé dúró sí, ọmọdé sì ti ń di àjẹ̀ mú kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ tó le tó láti gbé ojú irin, a ò ní in.

Síbẹ̀, ẹ gba fóònù mi lóru, kẹ́ ẹ wo ohun tí mò ń wò. Fídíò àwọn tó ń tún ẹ̀ńjìnnì rélùwéè àtijọ́ ṣe ni: àwọn ẹ̀ńjìnnì dúdú tó ń jẹ èédú, tó ń mu omi, tó ń tú èéfín. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe l'Ékòó. Tí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tí orí mi ti gbóná, ohun tó máa ń tù mí lára ni kí n máa wo ọkùnrin kan tó ń fi òòlù gbá irin tó ti dógùn-ún. Ìyàwó mi ní àrùn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ò rí irú ẹ̀ńjìnnì bẹ́ẹ̀ rí. Iná ń jó nínú àpótí irin kan lẹ́yìn. Ooru iná yẹn á gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù kọjá, omi sì yí àwọn páìpù náà ká nínú ìkòkò irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà. Omi á hó, ooru rẹ̀ á há mọ́nú, á máa wá ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un ni ibi tí pístìn wà. Ooru á ti pístìn, pístìn á ti ọ̀pá irin, ọ̀pá á yí ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ílà tí ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ lè bú gbàmù, kó pa ẹni tó wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ fi omi tútù dán an wò. Wọ́n á rọ omi kún un bámúbámú, wọ́n á wá fi agbára tẹ omi náà ju bí ooru ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Tó bá máa bẹ́, kó yáa bẹ́ nígbà tó jẹ́ pé omi tútù lásán ló máa ta síni lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí bọ́ílà ti wù kó dáa tó, tó bá ti ń tó ọdún 10, wọ́n máa ń tú u palẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò látòkèdélẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, mo ka ohun kan tó gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Florida, l'Amẹ́ríkà, ọgbà ìgbafẹ́ Walt Disney World ní rélùwéè tó ń yí ọgbà náà po. Ẹ̀ńjìnnì mẹ́rin ló ń fà á, wọn kì í sì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o. Ilé iṣẹ́ Baldwin ní Philadelphia ló rọ wọ́n láàárín 1916 sí 1928, Yucatán ní Mẹ́síkò ni wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe làálàá. Ní 1969, Roger Broggie, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Disney, lọ rà wọ́n níbẹ̀. Ibo lẹ rò pé wọ́n gbé wọn lọ fún àtúnṣe? Ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ní èbúté Tampa. Àwọn akànkọ̀ ló tú wọn palẹ̀. Bọ́ílà tuntun ni wọ́n gbé sí wọn lára, wọ́n pààrọ̀ èyí tó ti jẹ, wọ́n fi èyí tó ṣì le sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 1971, rélùwéè ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Akànkọ̀ kẹ̀! Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Torí akànkọ̀ ni bàbá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ nípa Ayétòrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìròyìn òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa lẹ gbọ́. Ká tó dé ibẹ̀, ẹ gbọ́ èyí ná. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tó tẹ ìlú náà dó ní 1947 jọ ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n jọ ń jẹ, kò sí pé tèmi yàtọ̀ sí tìẹ. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ṣẹ́. Ibi tó ti kọ́ṣẹ́ náà ti wà nínú òkun báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun fúnra rẹ̀ ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí òkun ń lé e bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba gbèsè.

Oṣù kejìlá tó kọjá, mo lọ sílé. Mo wọkọ̀ ní Igbókòdá, mo bá Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kàn lọ́dún tí wọ́n bí mi. Ó ti dojú ẹ̀ délẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á lára.

“Bàbá, kí ló kù nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ kàn nígbà yẹn?”

“Ìdí ẹ̀. Ìyẹn náà, mo ti pààrọ̀ apá iwájú.”

“Ṣé ọkọ̀ yẹn náà ṣì nìyí?”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Èwo ni ì bá tún jẹ́? Ìwọ náà, ṣé eyín tó o fi ń jẹ ẹja nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ló ṣì wà lẹ́nu ẹ?”

Ó wá fi bó ṣe ń ṣe é hàn mí. Kì í yọ gbogbo pákó lẹ́ẹ̀kan. Ó ní tó o bá yọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á gbàgbé bí ara ẹ̀ ṣe rí. Ẹyọ kan lá á yọ, á tẹ́ pákó àtijọ́ yẹn lórí tuntun, á fi pẹ́ńsù tọ etí ẹ̀, á sì gé e. “Pákó àtijọ́ ni ìwọ̀n pákó tuntun,” ló wí. “Tó bá ti jẹrà tán kó o tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kí lo fẹ́ fi wọn tuntun?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo ti dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe, wọ́n ní kí n tún kóòdù ìsanwó wọn kọ. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ tipẹ́. Mo kàn ju ti àtijọ́ nù, mo sì bẹ̀rẹ̀ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń ní kí ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méje kó tó tún béèrè owó lọ́wọ́ báńkì. Mo ní ìranù ni, ó kàn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Lóru ọjọ́ tí a gbé tuntun jáde, báńkì falẹ̀, kóòdù mi ò sì ní sùúrù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti yọ owó àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú àáyá méje yẹn, ẹnì kan ti jìyà kó tó mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Mi ò béèrè. Ẹni tí mi ò bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìtàn rélùwéè Sàró, ìyẹn Sierra Leone, kì í kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí wọ́n pa rélùwéè wọn tì ní bíi 1974, àwọn kan wá láti ilẹ̀ Wales, wọ́n ra ẹ̀ńjìnnì kan, nọ́ńbà 85, tí ilé iṣẹ́ Hunslet rọ ní Leeds ní 1954. Ní 1975, wọ́n gbé e lọ sí rélùwéè kékeré kan tó ń gbé àwọn olùgbafẹ́, láti Welshpool sí Llanfair. Ó rìn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó kù há sí Cline Town ní Freetown. Ogun dé, àwọn tí ogun lé sá wá gbé inú ilé ẹ̀ńjìnnì yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ sì dúró ti irin wọn. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n gé e tà. Lẹ́yìn ogun, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Steve Davies, bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì jọ sọ ibẹ̀ di mùsíọ́mù ní 2005. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: rélùwéè kan náà ni. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ní ibi iṣẹ́ àti ọmọ iṣẹ́ rìn. Àwọn yòókù, kíkùn ni wọ́n kùn wọ́n, à ń wò wọ́n.

Àwa náà ń wo tiwa. Láti 1901 ni rélùwéè ti ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Mo ti lọ sí Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta, ilé onípákó tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, tí wọ́n kó àwòrán àti irinṣẹ́ rélùwéè sí. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó wà nínú gíláàsì ò níṣẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ iṣẹ́ méjì tó kù ti lọ sí Èkó. Ó ní òun máa la ọkọ̀ náà, ká fi dáná.

Mo ní ó tì o. Ọjọ́ méjì ni mo fi wọn ọkọ̀ náà, mo yà á sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo igun ẹ̀ pátá. Mo gbé e fún un pẹ̀lú ayọ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, “Ó dáa. Òwú wá dà?”

Òwú tí wọ́n ń tẹ̀ sáàárín pákó kí omi má wọlé ló ń sọ. Mo ní kò sóhun tó le níbẹ̀. Mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òwú. Bàbá ti wọlé lọ jẹun nígbà yẹn. Láti inú ilé ló ti pariwo: “Ó ti pọ̀ jù! Yọ ọ́!” Kò rí mi o. Dídún òòlù ló gbọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ya ìyẹn sórí kọ̀ǹpútà.

A jọ ṣe àdéhùn. Kò ní la ọkọ̀ náà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, màá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, a ó pààrọ̀ apá òsì ẹ̀. Èmi ni màá di òòlù mú, òun á jókòó, á máa gbọ́. Mi ò lè ṣe akànkọ̀ lọ́sẹ̀ méjì, ẹ má tàn mí. Mi ò sì lè sọ pé ibi tí a ó ti ṣe é kò ní ti bá omi lọ nígbà náà. Tó bá ti lọ, a ó gbé ọkọ̀ náà sẹ́yìn, bó ti máa ń ṣe.

Ó pè mí lánàá. Ó ní tí mo bá ń bọ̀, kí n ra òwú ní Igbókòdá, kí n má ra èyí tó pọ́ọ́kú.